Sapara Williams: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kọ́kọ́ di lọ́yà ní Nàìjíríà

Kí ọdún 1960 tó dé, kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Nàìjíríà tí èèyàn ti lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde bíi lọ́yà. Òkun ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà yóò gbà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà ọ̀hún nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sàró lọ́jọ́ 14, oṣù keje, ọdún 1855. Sàró yìí ni ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó àwọn tó bá gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá fi pọ̀ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni Dókítà Oguntola Sapara, ẹni tó fi ọgbọ́n wọ inú awo Ṣànpọ̀nná kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn kálẹ̀.

Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù ni Sapara Williams ti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà náà, ìdánwò kò tíì pẹ́ tó di dandan, ọdún 1872 ni wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá jẹ oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà lọ́yà nínú gbọ̀ngàn fún iye ìgbà tí wọ́n là kalẹ̀. Ẹ̀rín lè pa ẹni tó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tó sọ pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìwà ni wọ́n ń kọ́ níbi oúnjẹ. Lọ́jọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 1879, wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, kó tó forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù Èkó lọ́jọ́ 30, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1888.

Àwọn wo ló bá lẹ́nu iṣẹ́ náà? Nítorí pé lọ́yà kò tó nǹkan, òfin ọdún 1876 fún adájọ́ àgbà láǹfààní láti fún ẹni tó mọ̀wé díẹ̀, tó sì gbọ́ díẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí akọ̀wé kóòtù àná ṣe ń di agbẹjọ́rò òní nìyẹn. Àwọn kan nínú wọn ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ àti ogún ọmọ aráyé kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́.

Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ogún yìí gan-an ló kún kóòtù Èkó. Ta ló lè ta ilẹ̀ ẹbí? Ṣé ìdí igi ni wọn yóò fi pín ogún ni àbí orí-ò-jorí? Bí dáwódù bá kú, ta ni yóò jẹ́ olórí ẹbí? Ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ ẹbí Olóyè Mabinuori, kóòtù fi àṣà ìbílẹ̀ sọ pé ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn, ìbáà ṣe obìnrin. Kò sí gbọ̀ngàn oúnjẹ kankan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń kọ́ni ní irú èyí. Ohun tí wọ́n sì mọ Sapara Williams mọ́ jù nìyẹn: ó mọ òfin àbáláyé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, ó sì mọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà láti ọdún 1900 títí tó fi kú.

Ó gbà pé iṣẹ́ lọ́yà kò parí sí kóòtù, pé ó yẹ kó máa tọ́ ìlú sọ́nà. Nígbà tí ìjọba yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1901, kò jókòó lásán. Ní ọdún 1904, ó dábàá pé kí wọ́n tún ààlà Gúúsù àti Àríwá fà, kí gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá lè wà lábẹ́ ìjọba kan. Àwọn ará Ìlọrin àti Kàbà mọ̀ pé àbá náà kò ṣẹ. Ní ọdún 1905, ó lọ bá àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Èkó.

Ọdún 1909 ni ọ̀rọ̀ gbóná. Gómìnà Walter Egerton gbé òfin wá láti fìyà jẹ ẹni tó bá sọ tàbí kọ ohun tó lè mú kí aráàlú kórìíra ìjọba. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ẹ rántí pé ìjọba ló yan Sapara Williams, kì í ṣe ìbò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó mọ̀ pé wọn yóò borí, síbẹ̀ ó dìde ta kò ó. Òfin náà wọlé, ó sì pẹ́ láyé jù ú lọ. Ọdún 1983 ni Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Enugu tó sọ, nínú ẹjọ́ Arthur Nwankwo, pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí mu. Lóde òní, òfin ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024, ni àwọn oníròyìn ń sá fún.

Ọdún kan kí Sapara Williams tó kú, Lugard dá àwọn kóòtù agbègbè sílẹ̀ káàkiri ìgbèríko, ó sì ka lọ́yà léèwọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́jà Èkó lè gba agbẹjọ́rò. Àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní ìgbèríko, òun nìkan ni yóò dá dúró níwájú òyìnbó tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àti adájọ́ pa pọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ògbufọ̀ láàárín wọn.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 1915 ni Sapara Williams jáde láyé lẹ́ni ọdún 59. Ọdún 1933, ìyẹn ọdún 18 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ìjọba tó fòpin sí àwọn kóòtù náà, tí lọ́yà fi lè dìde rojọ́ fún ará oko.