Ìtàn Robert Smalls, Baálé àti Aṣòfin

Nínú àwọn tí Olúwa gbé dìde láti inú oko ẹrú, ti Robert Smalls ni a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí, kí a lè rí bí ọ̀ràn ilé àti ọ̀ràn ìlú ti so mọ́ ara wọn.

A bí i ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ọdún 1839, ní Beaufort, ìlú kan ní South Carolina ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹrú ni Lydia ìyá rẹ̀. A gbà pé aláwọ̀ funfun ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọmọ. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni a rán an lọ sí Charleston láti ṣiṣẹ́ owó fún olówó rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti di ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ọdún 1856 ó fẹ́ Hannah Jones, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ẹrú ẹlòmíràn. Nígbà tí a bí Elizabeth fún wọn, ẹni tí ó ni ìyá ni ó ni ọmọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà. Nítorí náà ni Smalls ṣe bá ọkùnrin náà dúnàádúrà, pé òun yóò ra aya àti ọmọ òun ní 800 dọ́là. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ kí ó tó san án tán. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, ọdún 1862, nígbà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Planter sùn sí orí ilẹ̀, Smalls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ará ilé wọn sínú ọkọ̀ náà. Ó dé fìlà ọ̀gá rẹ̀, ó fun fèrè bí ó ti tọ́ níwájú odi Sumter, ó sì wa ọkọ̀ náà tọ àwọn ọmọ ogun Àríwá lọ. Wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, wọn yóò ri ọkọ̀ náà, kí gbogbo wọn lè kú pọ̀.

Kí ogun náà tó parí ni ó ti ra ilé olówó rẹ̀ àtijọ́ ní Beaufort, tí ìjọba tà nítorí owó orí. Ibẹ̀ ni ó kó ìyá, aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1865 òfin pa oko ẹrú rẹ́. Ní 1868 Smalls wà lára àwọn tí ó ṣe ìwé òfin South Carolina, èyí tí ó fi ìdí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ múlẹ̀ fún ọmọ dúdú àti funfun. Ní 1875 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, Elizabeth ọmọ rẹ̀ sì ṣe akọ̀wé fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun tí kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú dìbò dìde pẹ̀lú ìbọn. Ní 1876 wọ́n pa àwọn ọkùnrin dúdú ní Hamburg. Ní 1878, ní Gillisonville, àwọn ẹlẹ́wù pupa lé Smalls wọ inú ilé ìtajà kan, wọ́n sì yìnbọn sí i, títí àwọn ènìyàn dúdú agbègbè náà fi sá wá gbà á. Ó pàdánù ìdìbò ọdún náà, ṣùgbọ́n ó tún padà sí Washington lẹ́yìn náà.

Hannah kú ní 1883. Ó fẹ́ Annie Wigg ní 1890, òun náà sì kú ní 1895, ó fi William, ọmọ kékeré, sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni a pe ìpàdé láti ṣe ìwé òfin tuntun tí yóò gba ìbò lọ́wọ́ ènìyàn dúdú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi òfin de ìgbéyàwó láàárín dúdú àti funfun, Smalls dìde. Ó ní kí aláwọ̀ funfun tí ó bá ń bá obìnrin dúdú gbé má ṣe di ipò ìjọba mú, kí ọmọ tí ó bá sì bí máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, kí ó sì jogún rẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́wọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò gbà fún un. Òun pẹ̀lú kò sì fi ọwọ́ sí ìwé òfin náà.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, ọdún 1915, ní Beaufort. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1965, ni òfin Amẹ́ríkà tó dáàbò bo ìbò àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ará, ẹ kíyèsí i pé nítorí aya àti ọmọ ni ọkùnrin yìí ṣe kọ́kọ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu, ìfẹ́ kan náà ni ó sì gbé wọ ilé aṣòfin. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá ń lọ dìbò, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ọmọ tí ó wà nílé, kí a má ṣe ta ohun tí ẹlòmíràn fi ẹ̀jẹ̀ wá. Kí Olúwa kí ó fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.