Ìtàn Ìgbésí Ayé Michael Imoudu

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ọdún 1902 ni a bí Imoudu ní Ora, ní Ìpínlẹ̀ Edo òde òní. Iṣẹ́ rélùwéè ni ó ṣe ní Èkó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà gbówó lórí, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kò tó jẹun. Imoudu di olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e níṣẹ́ ní 1943, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Ó padà ní June 1945. Kí oṣù náà tó parí, òṣìṣẹ́ bí 30,000 ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́ fún alágbàṣe, pẹ̀lú àfikún owó ọ̀wọ́n ọjà. Lójú tèmi, kò pọ̀ rárá. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1946, wọ́n rí àfikún náà gbà. Imoudu kú ní 2005.