Metchnikoff, ọkùnrin tó ka ìfun ńlá sí ọ̀tá

Bí aláìsàn kò bá lè jẹun ní ọsibítù, ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí wọ́n fa omi sí i lára. Àmọ́ àwọn dókítà ti mọ̀ pé ìfun tí oúnjẹ kò gba inú rẹ̀ kọjá máa ń rọ. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú jinlẹ̀ lórí ìfun àti kòkòrò àìfojúrí ni Elie Metchnikoff, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣi ìfun náà lóye.

Ọdún 1845 ni wọ́n bí i nítòsí Kharkiv, ní ilẹ̀ Ukraine ti òde òní, èyí tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ikọ́ fée pa ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1873, ìbànújẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí òun náà.

Ní 1882, ní Messina ní Ítálì, ó fi ẹ̀gún òdòdó róòsì gún ọmọ ẹran inú òkun kan tó rí bí ìràwọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ti ṣù bo ẹ̀gún náà bí ìgbà tí àwọn ọdẹ àdúgbò bá yí olè ká. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ara ní ọmọ ogun tó ń gbé kòkòrò àrùn mì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ní 1908, òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ìgbà yẹn, ilé ìwádìí Pasteur ní Paris ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìfun ló sì gbà á lọ́kàn. Lójú tirẹ̀, ìfun ńlá kò wúlò. Ibi tí ìdọ̀tí ń jẹrà sí ni, tí májèlé ń ti ibẹ̀ jò sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń sọni di arúgbó kíákíá. (Èyí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó ń fi àgbo fọ inú.) Ó wá ń mu wàrà kíkan lójoojúmọ́. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó burú ni pé ní Lọ́ńdọ̀nù, oníṣẹ́-abẹ William Arbuthnot Lane ń gé ìfun ńlá àwọn tí ìgbẹ́ ń há kúrò, àwọn kan sì kú.

Metchnikoff kú ní 1916, lẹ́ni ọdún 71. Ní 1968 ni Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọmọ ajá lè dàgbà láìfẹnu kan oúnjẹ, bí wọ́n bá ń da èròjà oúnjẹ pípé sínú iṣan rẹ̀. Èyí ju omi iyọ̀ àti ṣúgà lásán lọ. Ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí láìní ìfun tó péye là.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹranko tí wọ́n ń bọ́ báyìí, awọ inú ìfun ń fẹ́lẹ́, ohun ìjà tí ara ń tú sójú rẹ̀ ń dínkù, kòkòrò sì ń ráyè yọ́ kọjá. Ìfun ènìyàn kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi àwọn tó fara pa gidigidi níkùn wéra, àwọn tí wọ́n fi rọ́bà gbé oúnjẹ sí nínú ìfun kó àrùn kéré sí àwọn tí wọ́n bọ́ láti inú iṣan. Rọ́bà inú iṣan náà ń pín nínú ẹ̀bi yìí, nítorí ó lè gbé kòkòrò wọlé.

Nítorí náà, bí ìfun bá ṣì ń ṣiṣẹ́, dókítà a máa fẹ́ kí oúnjẹ gba ibẹ̀, ì báà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú rọ́bà tí wọ́n ti bọ imú. Ẹni tí ìfun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá ni wọ́n ń fi ti inú iṣan sílẹ̀ fún.