Ìgbésí Ayé Sextus Pompeius, Ẹni tí Ó Fi Erékùṣù Fún Rómù Lọ́rùn

Ìtàn ọmọ tí kò ní baba tí ó sì mú ìlú ńlá gbọ̀n ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí.

Sextus Pompeius jẹ́ ọmọkùnrin kejì Pompey Ńlá, ọ̀gágun Rómù. Ní ọdún 48 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n pa baba rẹ̀ ní etí òkun Íjíbítì, ọmọ náà sì ń wò ó láti inú ọkọ̀. Ní ọdún 45, ogun Sípéènì gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 43, ìgbìmọ̀ àgbà Rómù fi í jẹ olórí ọkọ̀ ogun. Kí ọdún náà tó parí, Octavian, Antony àti Lepidus gba ìjọba, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n fi owó lé lórí pé kí a pa. Nígbà náà ni ó gba erékùṣù Sísílì, lẹ́yìn èyí Sardinia àti Corsica. Ọlọ́lá àti ẹrú tí ikú ń lé sá tọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan nínú wọn là, Sextus a san ìlọ́po méjì owó tí àwọn ọ̀tá ń san fún apànìyàn.

Ojú òkun ni ọkà Rómù ń gbà wọlé. Sextus dí ọ̀nà náà, ebi sì wọ ìlú, títí àwọn ènìyàn fi sọ Octavian lókò. Ní ọdún 39, wọ́n bá a dá májẹ̀mú ní Misenum: kí ó máa jọba lórí erékùṣù rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọkà kọjá. Àwọn ìsáǹsá sì padà sílé.

Ìtàn sọ pé nígbà tí ó ń ṣe Octavian àti Antony lálejò nínú ọkọ̀ rẹ̀, Menas, balógun rẹ̀, ní kí òun gé okùn ìdákọ̀ró, kí ayé di ti Sextus. Ó fèsì pé Menas ì bá ti ṣe é láì sọ fún òun. Òun kò jẹ́ da májẹ̀mú.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ogun tún dé. Menas fi Sardinia àti Corsica lé Octavian lọ́wọ́. Ìjì fọ́ ọkọ̀ Octavian, Sextus sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrìṣà òkun, ṣùgbọ́n kò lépa ọ̀tá. Agrippa, ọ̀rẹ́ Octavian, gbẹ́ èbúté tuntun, wọ́n sì kọ́ 20,000 ẹrú tí a dá sílẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Ní ọjọ́ 3 oṣù September ọdún 36, ó ṣẹ́gun Sextus ní Naulochus. Ọkọ̀ 17 péré ni ó bá a sá lọ. Ní ọdún 35, wọ́n pa á ní Miletus.

A yìn ín nítorí àwọn tí ó fi ààbò bò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: erékùṣù dára fún ààbò, kò dára fún oorun. Ìlú tí a bá fi ebi pa kò ní sinmi títí yóò fi kan ọkọ̀ tirẹ̀.