Ronald Keay, Ẹni tó Wádìí Bí Igbó Wa Ṣe Di Ọ̀dàn

Ẹni tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tó forí lé ọ̀nà Àkókó yóò rí i pé igbó ń tán lọ, koríko sì ń gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá ilẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé Ronald William John Keay kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1920 ni a bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, ó sì wọ iṣẹ́ igbó ìjọba ní Nàìjíríà ní 1942. Ó kíyè sí àwọn igbó kéékèèké tó ṣẹ́ kù káàkiri inú ọ̀dàn, ó sì rí i pé oko dídá àti iná ọdọọdún ló sọ igbó ibẹ̀ di koríko.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wá láti Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta níbẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Ní 1960, Keay àti Charter tẹ àbájáde ọdún 28 jáde. Apá tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di koríko, igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí iná kò dé ti ń di igbó padà, àwọn igi tí kò lè fara da iná sì ti ń hù nínú rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ràn àwọn aṣọ́gbó nígbà náà, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá, nítorí ìjọba ti sọ ilẹ̀ baba ẹlòmíràn di igbó ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná yìí kan oko àwọn fúnra wọn.

Òun, Onochie, ọmọ Nàìjíríà, àti Stanfield ló ṣe ìwé Nigerian Trees, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1960, tí èkejì sì jáde ní 1964. Wọ́n kọ orúkọ tí àwọn ará ilẹ̀ yìí ń pe igi sínú rẹ̀: arère, àfàrà, ọ̀gànwó, apá. Ẹ bi ọmọ yín léèrè bóyá ó mọ méjì nínú wọn.

Láti 1960 sí 1962, Keay ni olùdarí ẹ̀ka ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, tí à ń pè ní FRIN lónìí. Lẹ́yìn náà ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣiṣẹ́ ní Royal Society títí di 1985, síbẹ̀ kò gbàgbé igi wa: ìwé rẹ̀, Trees of Nigeria, jáde ní 1989. Ó kú ní 1998. Àwọn ewé gbígbẹ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ṣì wà ní Ìbàdàn.