Nana Asma'u: Obìnrin Tí Ó Rí Ìjọsìn Nínú Iṣẹ́ Òòjọ́



 Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ìtàn ìgbésí ayé ẹni rere kan tí ó ti kúrò láyé ni a fẹ́ sọ. Lóṣù yìí, obìnrin ni ẹni náà. Orúkọ rẹ̀ ni Nana Asma'u, ọmọ Ṣéèhù Usman dan Fodio ti Sókótó. Ó ju 150 ọdún lọ tí ó ti kú, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù.

Ìbéèrè náà rèé. Arábìnrin kan ń lọ sí ilé-kéwú dáadáa nígbà tí ó wà lọ́mọge, ó sì ti ka Àlùkùráánì jìnnà. Nígbà tí ó wọlé ọkọ, ọmọ dé, ọjà náà dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dáná. Kí oòrùn tó mú, ó ti gbé ẹrù dé ọjà. Nígbà tí yóò bá fi rí ibi fìdí lé lálẹ́, Ìṣáì ti lọ jìnnà. Ó wá ń sọ pé ìgbà tí òun ń ṣe ẹ̀sìn ti kọjá ná, ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà. Arákùnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì náà ń sọ ohun tí ó jọ ọ́. Ó ní àwọn tí wọ́n ráyè jókòó sí mọ́ṣáláṣí, tí ọwọ́ wọn kò kan epo dúdú, ni ẹ̀sìn wà fún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ilé Asma'u ná.

Ọdún 1793 ni wọ́n bí i ní abúlé Degel, ní ilẹ̀ Gobir, lókè Hausa lọ́hùn-ún. Ìbejì ni. Bí àwa Yorùbá ṣe ní Táyé àti Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ọ̀hún máa ń sọ ìbejì tí ó jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ní Hassan àti Hussaina. Ṣéèhù sọ ọkùnrin ní Hassan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ obìnrin ní Hussaina. Asma'u ni ó sọ ọ́, orúkọ Asma, ọmọ Sàídínà Abúbákárì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Híjíra, ẹ mọ ohun tí Asma ti àkọ́kọ́ yẹn ṣe. Nígbà tí Ànọ́bì wa Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti Sàídínà Abúbákárì fẹ́ kúrò ní Mẹ́kà, tí àwọn ọ̀tá ń wá wọn kiri, òun ni ó di oúnjẹ fún wọn. Kò rí okùn tí yóò fi dì í. Ó bá fa ọ̀já ìgbànú rẹ̀ ya sí méjì, ó fi so oúnjẹ náà. Títí di òní, ọ̀já méjì yẹn ni gbogbo Mùsùlùmí fi ń rántí rẹ̀. Kò yọ idà, kò gun mìńbárì, oúnjẹ ni ó dì. Orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ṣéèhù wá fún ọmọ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti mọ ọ̀nà tí ọmọ náà máa tọ̀.

Ṣéèhù kò fi ẹ̀kọ́ mọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin. Ó máa ń bá àwọn àlùfáà ìgbà ayé rẹ̀ wí, àwọn tí wọ́n ń fi ìmọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n sì fi ìyàwó àti ọmọbìnrin tiwọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Nítorí náà, Asma'u kọ́ Àlùkùráánì àti ìmọ̀ ẹ̀sìn, ó sì gbọ́ èdè Lárúbáwá, Fúlàní, Hausa àti èdè àwọn Tuareg. Kì í ṣe inú ìdẹ̀ra ni ó ti kọ́ gbogbo èyí. Ọmọ bí ọdún 11 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣí kúrò ní Degel lọ sí Gudu lọ́dún 1804. Ogun ni ó tẹ̀lé e, ojú ọ̀nà àti inú àgọ́ ni ó sì ti bàlágà.

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni ó fẹ́ Gidado dan Laima, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Muhammad Bello, ẹ̀gbọ́n Asma'u lọ́kùnrin. Nígbà tí Ṣéèhù kú lọ́dún 1817, Bello ni ó gba ipò rẹ̀, Gidado sì di Wàsírì. Ilé Wàsírì kì í ṣe ilé kékeré. Orogún wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, àlejò ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, ẹrú náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láyé ìgbà náà. Oúnjẹ gbogbo wọn àti ìtọ́jú wọn kò ṣẹ̀yìn Asma'u. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó ráyè. Ìyálé ilé ni, abiyamọ ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í dá. Láàrin ariwo ilé yẹn ni ó ti ń kọ̀wé fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún.

Ewì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kọ, ó sì ní ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì àti ojú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ ọkà lè ké ewì, ẹni tí ó ń pọnmi lè ké e, ẹni tí ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún náà lè ké e. Ó kọ ewì kan tí ó to orúkọ àwọn súrà inú Àlùkùráánì jọ, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè há wọn sórí. Ohun tí àwọn Hausa ń pe irú ewì bẹ́ẹ̀ ni waka. Ẹ̀yin náà ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa? Wákà tí àwọn ìyá wa ń kọ níbi ìkómọ àti níbi wòlímọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Lẹ́yìn náà ni ó wo àwọn obìnrin abúlé tí wọn kò lè dé Sókótó. Ó kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Yan Taru, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn tí wọ́n kóra jọ. Olórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní jaji. Jaji kọ̀ọ̀kan ní akẹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní malfa, tí a fi aṣọ pupa wé. Àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí àti àwọn ọmọdébìnrin tí wọn kò tíì lọ́kọ ni wọ́n máa ń tẹ̀lé jaji lọ sọ́dọ̀ Asma'u. Wọ́n á gbé ọrẹ dání, ìyẹn ọkà, oyin àti aṣọ, òun náà á sì fi ran àwọn aláìní àti aláìsàn lọ́wọ́.

Ẹ ó bi wá pé àwọn ìyàwó ilé ńkọ́, àwọn tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn? Wọn kò lè rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Asma'u kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà. Jaji ni yóò há ẹ̀kọ́ sórí bọ̀ láti Sókótó, tí yóò sì kọ́ wọn nínú ilé wọn, lẹ́bàá ààrò wọn. Ẹ̀kọ́ ni ó rìn lọ bá abiyamọ nílé. Bí ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn ìyá wa ní agbègbè yìí bá lè fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe, arábìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní dá wà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú wa lórí jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ewì tí ó máa ń kọ bí ènìyàn bá kú. Ó kọ ti Bello, ó kọ ti Gidado ọkọ rẹ̀, àwọn ẹni ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ó tún kọ ti àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò bá má rántí. Ó kọ ti Aisha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ó kọ ti Hawwa'u, ọ̀kan nínú àwọn jaji tí ń kó àwọn obìnrin wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ ti Halima, aládùúgbò rẹ̀, nítorí sùúrù rẹ̀ àti bí ó ṣe ń bá ará ilé àti ẹbí gbé láìjà. Ó kọ ti Zaharatu, ẹni tí ó máa ń gbẹ̀bí, tí ó máa ń wẹ òkú, tí ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀sìn.

Ẹ wo ohun tí Asma'u kà sí ìjọsìn: ẹni tí ó gbẹ̀bí lóru, ẹni tí ó parí ìjà láàrin orogún, ẹni tí ó wẹ òkú aládùúgbò. Kò wá iṣẹ́ ìyanu kankan lọ́wọ́ wọn kí ó tó yìn wọ́n. Ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó kó jọ, ó ní ẹ wò ó, èyí ni ẹ̀sìn wọn. Nínú ewì mìíràn tí ó fi ka orúkọ àwọn obìnrin olùfọkànsìn láti ayé Ànọ́bì, ó fi orúkọ àwọn obìnrin àwùjọ tirẹ̀ kún un.

Kí á má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o. Asma'u kò sọ pé iṣẹ́ ilé dípò ìrun. Àlùwàlá, ìrun àti ààwẹ̀ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn obìnrin. Ẹni tí ó bá gbójú lé pé òun ń ṣiṣẹ́, tí ó wá jẹ́ kí ìrun kọjá, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ohun tí à ń sọ ni pé àníyàn tí ó wà lórí ẹní ìrun kò gbọdọ̀ dúró sórí ẹní nígbà tí a bá ká a. Kí ó bá wa lọ sí ọjà, kí ó bá wa lọ sí oko, kí ó bá wa wọ abẹ́ ọkọ̀ tí à ń tún ṣe. Arábìnrin tí ó wọn gàrí, tí kò fi ìka sínú kóńgò, ìjọsìn ni. Arákùnrin tí ó sọ òtítọ́ fún oníbàárà pé irin yìí kò tíì bàjẹ́, kò tíì tó pààrọ̀, ìjọsìn ni. Abiyamọ tí ó sọ Bísímílà kí ó tó fi oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu, tí ọmọ náà fi gbà á sẹ́nu kí ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ilé-kéwú ni ó dá sílẹ̀ yẹn. Láádá wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe é nítorí Ọlọ́hun.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn láàrin wa lè ní: kí ni ó kàn wá kan ọmọ Ṣéèhù? Àwa ará agbègbè yìí kò gbàgbé ogun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù November 1878 ni ogun Jálumi ṣẹlẹ̀ ní Ìkìrun, tí ogun Ìlọrin wà lára àwọn tí wọ́n wá dojú kọ ọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú sínú odò Ọ̀tìn nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Asma'u náà kò wà lókèèrè sí ogun. Ó kéwì lórí ìṣẹ́gun àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bá parí, àwọn obìnrin tí ogun kó dé, tí wọn kò ní ẹbí, tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀sìn, wà lára àwọn tí ó ń fi ẹ̀kọ́ fà mọ́ra. Ogun ti tán pátá, ẹ̀kọ́ náà kò tán. Kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ Ìkìrun kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1864 ni Nana Asma'u kú ní Sókótó. Maryam, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ó gba iṣẹ́ Yan Taru ṣe, àwọn obìnrin sì ń bá a lọ títí di òní. Inú ilé Wàsírì ni wọ́n tọ́jú ìwé rẹ̀ sí láti ìran dé ìran. Wàsírì Junaidu, tí ó kú lọ́dún 1997, ni ó ṣí wọn han Jean Boyd, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti pẹ́ ní Sókótó. Ọdún 1997 yẹn náà ni òun àti Beverly Mack tẹ àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, arábìnrin wa, ìgbà ẹ̀sìn rẹ kò tíì kọjá. Ó wà ní ẹ̀yìn rẹ, ó ń sunkún ọmú. Ó wà lórí iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìwọ náà arákùnrin, fọ epo dúdú ọwọ́ rẹ, ṣe àlùwàlá, kírun, kí o sì padà sídìí iṣẹ́ pẹ̀lú òtítọ́. A sì ń bẹ ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan: ẹ kọ orúkọ àwọn arábìnrin tí wọn kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ, kí àwọn arábìnrin méjì máa lọ bá wọn nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò tilẹ̀ ju àyà Àlùkùráánì kan lọ tí wọ́n jọ kà, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Nana Asma'u, kí Ó foríjì í, kí Ó fi àníyàn rere sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí òógùn ojú wa lọ lásán. Àmín.