Artemisia Gentileschi: Ayàwòrán tó fi agbára sí apá àwọn obìnrin akọni

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 177 ní Thamesmead, tí ẹ gba Plumstead àti Woolwich kọjá, ẹ ó dé Greenwich, níbi tí Queen's House wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé obìnrin ayàwòrán kan láti Ítálì ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ilé náà ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Artemisia Gentileschi ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Róòmù ni wọ́n ti bí i ní 1593. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Orazio, ló ti kọ́ṣẹ́ àwòrán.

Ní 1611, Agostino Tassi, tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, fi ipá bá a lò pọ̀. Ẹjọ́ náà dé kóòtù ní 1612. Bí Artemisia ṣe ń jẹ́rìí, wọ́n fi okùn fún ìka ọwọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ìka tó fi ń jẹun nìyẹn o! Síbẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n dá Tassi lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kò mú ìdájọ́ náà ṣẹ.

Artemisia lọ́kọ, ó kó lọ sí Florence, níbi tó ti di obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà gbà wọlé ní 1616.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ àwọn obìnrin tó yà: Jáẹ́lì tó kan èèkàn mọ́ Sísérà lórí, Ẹ́sítérì níwájú ọba, àti Júdíìtì, opó tó wọ ibùdó ọ̀tá láti gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀, bíi Mọ́remí tiwa. Caravaggio ya Júdíìtì bí ẹni tó ń fà sẹ́yìn, arúgbó ni ìránṣẹ́ rẹ̀, ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ti Artemisia, ìránṣẹ́bìnrin náà di Hólóférénésì mọ́lẹ̀, Júdíìtì sì ń fi idà gé e lọ́rùn. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Àwọn kan ní ẹ̀san lára Tassi ló ń fi àwòrán gbà. Lójú tiwa, èyí fún Tassi láyè jù. Obìnrin yìí fi àwòrán jẹun fún ohun tó lé ní 40 ọdún.

Ní nǹkan bí 1638, ó wá sí London. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó bá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ sí àwòrán àjà Queen's House, tí wọ́n yà fún Ayaba Henrietta Maria. Orazio kú síbí ní 1639. Artemisia padà sí Naples.

Àwòrán àjà náà ti wà ní Marlborough House báyìí, níbi tí ọ́fíìsì Kọmọ́nwẹ́ẹ̀lì wà. Ní 2018, National Gallery ra àwòrán tó ya ara rẹ̀ bíi Kátárínà Mímọ́ ní mílíọ̀nù £3.6. Ní 2023 ni wọ́n kéde pé òun ló ni àwòrán Sùsánà kan láàrin àwọn àwòrán ọba, tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù lára rẹ̀ tipẹ́.

Bí 177 bá tún gbé yín kọjá Greenwich, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.